Ọ̀nà mẹ́rin ló lọ sí stórèjì, ẹyọ kan ló ń gbẹ́rù: Round Robin ni àbí Fixed?

Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà ESXi 7 (ètò VMware tó ń gbé àwọn VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wa ní ọ́fíìsì kan nítòsí Takie. Stórèjì kan ló wà lẹ́yìn wọn, kọntírólà méjì ló ní, pọ́ọ̀tì iSCSI (ìlànà tó ń mú dísìkì gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) méjì ló wà lára kọ̀ọ̀kan. Sáfà kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì fún iSCSI, súwíìṣì méjì ló wà láàárín, 1 gígábíìtì ni gbogbo rẹ̀. Dísìkì 12 oní-7,200 (ìyípo 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan) ló wà nínú stórèjì ọ̀hún, LUN mẹ́jọ la gé síbẹ̀, ìyẹn ègé stórèjì tí sáfà ń rí bíi dísìkì kan.

Wọ́n mú iná lọ, UPS ò gbà á, súwíìṣì kejì kú kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé iná. Ó ti jí padà láti ìjẹta, ṣùgbọ́n súwíìṣì kìn-ín-ní ṣì ni gbogbo ẹrù ń gbà. Èkejì kàn ń ṣẹ́jú lásán ni. Bákọ́ọ̀pù tó máa ń parí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń bá wa dé ọ̀sán báyìí. Mo tún ọ̀kan nínú àwọn sáfà náà tàn, ogún ìṣẹ́jú ló lò kó tó jí.

Ẹnì kan ní kí n yí gbogbo LUN sí Round Robin, tí ẹrù á máa gba àwọn ọ̀nà ní yíyípo, kí n fi iops, iye I/O (kíkà tàbí kíkọ) tó ń gba ọ̀nà kan kó tó yí, sí 1, pé ó parí. Ẹlòmíràn ní kí n má dán an wò, pé Fixed, ọ̀nà kan tí a fọwọ́ yàn, lọkàn èèyàn fi ń balẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Ọmọ-Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Àbúrò, má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Kí a tó mọ ọ̀nà tí ẹrù máa gbà, ó yẹ kí a mọ irú stórèjì tó wà lẹ́yìn ná.

ESXi pín iṣẹ́ yìí sí méjì. Apá kan ń dá stórèjì mọ̀: ó mọ ọ̀nà tó yè, ó mọ èyí tó kú, ó sì mọ ohun tó kàn tí ọ̀nà bá já. SATP nìyẹn. Apá kejì kàn ń mú ọ̀nà tí ẹrù máa gbà láàárín àwọn tó yè ni. PSP nìyẹn. Fixed, MRU àti Round Robin, PSP ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń jà lórí PSP láì wo SATP, ó ń yan fìlà ṣáájú orí.

Gba SSH wọ sáfà kan, kí o tẹ èyí:

`esxcli storage nmp device list`

Mú LUN kan níbẹ̀, ka ìlà Storage Array Type, ìlà Path Selection Policy àti ìlà Working Paths. Lẹ́yìn náà mú nọ́ńbà naa rẹ̀ (orúkọ tí ESXi fi ń dá LUN mọ̀), kí o tẹ:

`esxcli storage nmp path list -d naa.xxxx`

Ìlà Group State ni mo fẹ́ kí o wò níbẹ̀. Gbé ohun tó bá jáde wá.

* * *

Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tó jáde nìyí, sà:

`Storage Array Type: VMW_SATP_ALUA`
`Path Selection Policy: VMW_PSP_MRU`
`Working Paths: vmhba64:C0:T0:L1`

Ọ̀nà mẹ́rin ló tò. Méjì ní "active", méjì ní "active unoptimized". Ṣé àwọn méjì ẹ̀yìn yẹn ti bàjẹ́ ni?

* * *

Ọmọ-Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Nǹkan kan ò ṣe wọ́n. ALUA ni stórèjì rẹ, irú èyí tí ọ̀nà rẹ̀ kì í dọ́gba, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Fojú inú wo ìyá méjì tó ń tajà ní Akẹ̀sán, tí ìsọ̀ wọn fara kanra. Aṣọ tí o fẹ́ rà wà lọ́wọ́ Ìyá A. Tí o bá bi Ìyá A, á nawọ́ mú un fún ọ. Tí o bá bi Ìyá B, kò ní lé ọ. Á ní kí o jókòó, á rán ọmọ sí Ìyá A, ọmọ á gbé e wá. Aṣọ kan náà ni, ṣùgbọ́n o ti dúró, ọmọ sì ti rìn. LUN kọ̀ọ̀kan ní kọntírólà tó ni ín. Ọ̀nà tó bá wọ ọ̀dọ̀ kọntírólà yẹn tààrà ni active. Èyí tó bá gba ọ̀dọ̀ ìkejì ni active unoptimized. Ọmọ tí wọ́n rán yẹn ni ìsopọ̀ tó wà láàárín kọntírólà méjèèjì nínú stórèjì, wọn ò sì ṣe é fún kó máa gbé gbogbo ẹrù ilé.

Nítorí náà, nínú ọ̀nà mẹ́rin tí o ní, méjì péré ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́ fún LUN kan. Méjì yòókù wà fún ọjọ́ tí kọntírólà bá kú. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbé ẹrù pọ̀, pé kí o fi useano (èyí tó ń jẹ́ kí Round Robin lo ọ̀nà unoptimized) sí 1, má dá a lóhùn. Ó ń ní kí o máa rán ọmọ ní ìdajì gbogbo ìgbà.

Ọ̀rọ̀ súwíìṣì kejì wàyí. MRU túmọ̀ sí ọ̀nà tí a lò kẹ́yìn. Nígbà tí súwíìṣì kejì kú, gbogbo LUN tó ń gba ibẹ̀ ṣí lọ sí ọ̀nà active tó kù, ìyẹn súwíìṣì kìn-ín-ní. Nígbà tí èkejì jí, MRU ò padà. Kò sí ìdí tó fi máa padà lójú tiẹ̀, ọ̀nà tó wà lórí rẹ̀ ò já. Á dúró síbẹ̀ títí ìyẹn náà á fi já tàbí tí wàá fi tún sáfà tàn. Ìlànà náà ń ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. MRU sì ni ESXi máa ń fún VMW_SATP_ALUA tí kò bá sí òfin pàtó fún irú stórèjì rẹ.

* * *

Wáyà-ò-Já, Ògbómọ̀ṣọ́

Kí ẹ tó sin Fixed láàyè, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Pẹ̀lú Fixed, mo mọ ibi tí ẹrù LUN kọ̀ọ̀kan ń gbà. LUN 1 dé 4 gba súwíìṣì kìn-ín-ní, 5 dé 8 gba èkejì. Tí nǹkan bá dẹ̀, mo mọ wáyà tí màá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Tí ọ̀nà tí mo yàn bá já, á gba òmíràn. Tó bá padà dé, á padà sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí MRU ò lè ṣe fún àbúrò yìí nìyẹn. Round Robin, ẹ sọ fún mi, ọ̀nà wo lẹ máa sọ pé ó ń ṣàìsàn tí gbogbo wọn bá jọ ń gbẹ́rù?

* * *

Ọmọ-Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín. Ní ti pípadà fúnra rẹ̀, Fixed borí MRU. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: sáfà mẹ́ta, LUN mẹ́jọ, ìgbà 24 lẹ máa fọwọ́ yan ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gé LUN kẹsàn-án, ta ló máa rántí? Àwọn tó gbàgbé pọ̀ ju àwọn tó rántí lọ, gbogbo LUN tuntun á wá jọ kóra wọn jọ sórí ọ̀nà kan ṣoṣo.

Èyí tó tún le jù ni ti stórèjì tí kọntírólà kan ṣoṣo ń dáhùn fún LUN lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò mọ ALUA rárá. Tí sáfà kìn-ín-ní bá ní Fixed lórí kọntírólà A, tí sáfà kejì ní Fixed lórí B fún LUN kan náà, ọ̀kan á fa LUN náà sọ́dọ̀ A, èkejì á fà á padà sí B. Bí ọmọdé méjì ṣe ń fa bàtà kan ni. Iṣẹ́ á dúró gbagidi, ẹ ó sì rí i nínú vmkernel.log pé kò sí ọ̀nà tó kú. Ìdí nìyí tí ESXi fi ń fún irú stórèjì bẹ́ẹ̀ ní MRU, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Kókó kan ṣì wà tí àwọn oní-Fixed kì í sọ. SFP (ẹ̀yà kékeré tí wáyà fáíbà ń wọ̀) tó ń kú díẹ̀díẹ̀ kì í kú lẹ́ẹ̀kan. Á já, á dé, á tún já. Gbogbo ìgbà tó bá dé ni Fixed ń sáré padà sórí rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá já ni VM ń dúró. Mo gbà pé Round Robin náà á máa fi ẹrù ránṣẹ́ sórí rẹ̀. Òun nìkan ni ibi tí MRU ti dára ju àwọn méjèèjì lọ.

Ẹ lo Fixed níbi tí ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe stórèjì bá ti ní kí ẹ lò ó. Ní ibi tó kù, mi ò rí ohun tó ń ṣe.

* * *

Onídísìkì, Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iops yẹn, nítorí orí ibẹ̀ ni àròsọ ti pọ̀ jù.

Bó ṣe wà látilẹ̀, Round Robin máa ń fi I/O 1,000 ránṣẹ́ lórí ọ̀nà kan kó tó bọ́ sórí èkejì. Àwọn kan ní tí o bá sọ 1,000 di 1, gbogbo nǹkan á yá ní ìlọ́po méjì. Irọ́ ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ wo dísìkì àbúrò yìí: 12, oní-7,200. Ká fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní I/O 80 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan fún iṣẹ́ tó ń fò kiri, gbogbo rẹ̀ ò pé 1,000, kí a tó yọ owó orí RAID (ìlànà tó ń da dísìkì pọ̀ kí ọ̀kan tó bá kú má kó dátà lọ) kúrò. Tí dátábéèsì bá ń ka 8 KB lẹ́ẹ̀kan, 960 lọ́nà 8 ò pé 8 MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Wáyà 1 gígábíìtì kan gbé nǹkan bí 110 MB. Dísìkì ló ń mí hẹlẹhẹlẹ, wáyà ń sùn. Fi iops sí 1, fi sí 1,000, fi sí ibi tó wù ọ́, dátábéèsì ò ní mọ̀.

* * *

Ọmọ-Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ìṣirò yín tọ́ fún dátábéèsì. Bákọ́ọ̀pù ló ń dà á láàmú o.

Bákọ́ọ̀pù kì í fò kiri, ó ń kà láti òkè dé ilẹ̀. Dísìkì 12 tó ń kà tẹ̀lé ara wọn á kún wáyà 1 gígábíìtì kan, á sì ṣẹ́kù. Tí iops bá wà ní 1,000, ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ọ̀nà kan ni LUN náà ń lò jù láti sáfà kan, ọ̀nà kejì ń dúró de ìgbà tiẹ̀. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá 110 MB yẹn. Tí o bá fi sí 1, ọ̀nà méjèèjì á jọ máa gbé e, o lè súnmọ́ 220. Ibẹ̀ ni wákàtí bákọ́ọ̀pù ti ń já wálẹ̀.

Àǹfààní kejì rẹ̀ kò jẹ mọ́ ìyára. Pẹ̀lú 1, ọ̀nà méjèèjì ń gbé iye kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lè wo wọ́n kí o rí èyí tó ń falẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè Wáyà-ò-Já nìyẹn pẹ̀lú.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìwé stórèjì ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ti Pure Storage, láti ESXi 6.5 Update 1 ni òfin rẹ̀ ti wà nínú ESXi látilẹ̀, Round Robin pẹ̀lú iops 1 ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní kí o fi 1,000 sílẹ̀ bó ṣe wà. Láti 6.7 Update 1, oríṣi mìíràn tún wà, latency: ESXi á fi I/O 16 dán ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wò, á tún un wò ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, á sì fi ẹrù sí ibi tó bá tètè ń dáhùn. Ẹni tí SFP rẹ̀ ń já tó ń dé lè rí ìtura níbẹ̀. Àmọ́ pààrọ̀ SFP ná, owó rẹ̀ ò tó owó oorun rẹ.

* * *

Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́

Ó yé mi. Ìwé stórèjì wa náà sọ Round Robin, kò sọ iye. Báwo ni kí n ṣe é láì da iṣẹ́ àwọn èèyàn rú? Àwọn oníṣirò wà lórí rẹ̀ láti aago mẹ́jọ.

* * *

Ọmọ-Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

O lè ṣe é nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n dúró di ìrọ̀lẹ́.

Kọ́kọ́ wo orúkọ tí stórèjì ń pe ara rẹ̀. Tẹ `esxcli storage core device list -d naa.xxxx`, kí o da ìlà Vendor àti ìlà Model kọ bí wọ́n ṣe wà gan-an. Má fi orúkọ tí wọ́n lẹ̀ sára páálí rẹ̀ dípò o, wọn kì í sábà bára mu. Lẹ́yìn náà kọ òfin sórí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

`esxcli storage nmp satp rule add -s VMW_SATP_ALUA -V "VENDOR" -M "MODEL" -c tpgs_on -P VMW_PSP_RR -O "iops=1" -e "RR iops 1"`

Òfin yìí kì í mú LUN tó ti wà nílẹ̀. Ìgbà tí ESXi bá tún gba LUN náà mọ́ra ló ń kà á, ìyẹn nígbà tí o bá tún sáfà tàn, tàbí tí LUN tuntun bá dé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á kọ òfin, wọ́n á wo LUN, MRU ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á wá tún òfin kọ nígbà mẹ́ta.

Fún LUN tó ti wà, yí i pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan:

`esxcli storage nmp device set -d naa.xxxx -P VMW_PSP_RR`
`esxcli storage nmp psp roundrobin deviceconfig set -d naa.xxxx -t iops -I 1`

Má pa ìlà méjèèjì dà. Tí o bá kọ́kọ́ tẹ èkejì, á ní LUN náà kì í ṣe ti Round Robin, kò sì ní gbà. Fi `deviceconfig get` yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí o bá parí.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa pín kiri, èyí tó ní kí o yí ìlànà gbogbo VMW_SATP_ALUA padà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú default-psp. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo stórèjì ALUA tó bá kan sáfà yẹn ló kó pọ̀, títí kan ti àtijọ́ tí ìwé rẹ̀ lè ní kí o má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tó dárúkọ Vendor àti Model kì í ṣìnà.

* * *

Wáyà-ò-Já, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin méjèèjì ti fò kọjá ogún ìṣẹ́jú tí sáfà fi ń jí. Ìyẹn kọ́ ni PSP o. Àbúrò, subnẹ́ẹ̀tì (ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì) mélòó lẹ ní fún iSCSI, ṣé ẹ sì ṣe port binding, ìyẹn síso àwọn vmk (pọ́ọ̀tì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ESXi fúnra rẹ̀) mọ́ adápítà iSCSI, vmhba64?

* * *

Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́

Méjì ni, sà. vmk1 wà ní 10.10.1, vmk2 wà ní 10.10.2. A so méjèèjì mọ́ vmhba64 pẹ̀lú port binding, bí a ṣe rí i nínú fídíò kan.

* * *

Wáyà-ò-Já, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Port binding wà fún ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú subnẹ́ẹ̀tì kan. Nígbà tí ẹ bá so vmk méjèèjì, ESXi á ní kí vmk kọ̀ọ̀kan kàn sí gbogbo pọ́ọ̀tì stórèjì. vmk1 á máa kan ilẹ̀kùn 10.10.2 tí kò lè dé láé, á dúró títí àkókò á fi pé, á tún kàn án. Ìyẹn ló ń jẹ ogún ìṣẹ́jú yín, òun ló sì ń jẹ́ kí rescan (títún wá stórèjì) pẹ́.

Fi sáfà kan sí maintenance mode, kí àwọn VM ti kúrò lórí rẹ̀. `esxcli iscsi networkportal list` á fi àwọn tí ẹ so hàn. Ẹ tú wọn:

`esxcli iscsi networkportal remove -A vmhba64 -n vmk1`

kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún vmk2, kí ẹ wá rescan. Ọ̀nà mẹ́rin náà á padà wá, nítorí pé vmk kọ̀ọ̀kan á máa bá pọ́ọ̀tì méjì tó wà ní subnẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ní subnẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni binding pọn dandan fún. Tirẹ̀ á pé mẹ́jọ, vmk méjì lọ́nà pọ́ọ̀tì mẹ́rin. vmk kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní káàdì kan tó jẹ́ Active, kí èkejì wà ní Unused. Tí ẹ bá fi sí Standby, ESXi ò ní gbà á.

Bí ẹ ti wà níbẹ̀, tí ẹ bá ń lo MTU 9000 (páákẹ́ẹ̀tì ńlá), ẹ tẹ `vmkping -I vmk1 -d -s 8972` pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì stórèjì. 8972 ni, nítorí orí IP gba 20, ICMP gba 8. Tí kékeré bá kọjá tí ńlá ò kọjá, súwíìṣì ni ẹ gbàgbé. Wọ́n máa ń tún sáfà ṣe, wọ́n á tún stórèjì ṣe, súwíìṣì á wà ní 1500.

* * *

Ilé-Proxmox, Ọ̀yọ́

Ẹ dákun, kì í ṣe gbogbo wa ló ń sanwó ESXi mọ́. Fún àwa tó wà lórí Proxmox tàbí KVM lásán, tó ń gbé VM lórí Linux, multipath ni ètò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọgbọ́n kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Nínú `/etc/multipath.conf`, fún stórèjì ALUA:

`path_grouping_policy group_by_prio`
`prio alua`
`hardware_handler "1 alua"`
`path_selector "service-time 0"`
`path_checker tur`
`failback immediate`
`no_path_retry 12`

group_by_prio ló ń ya Ìyá A sọ́tọ̀ kúrò lára Ìyá B. Ẹni tó bá kọ multibus síbẹ̀ ti kó gbogbo ọ̀nà pọ̀, òun náà ń rán ọmọ nìyẹn. `multipath -ll` ló máa fi hàn yín: ẹgbẹ́ méjì ló yẹ kẹ́ ẹ rí, ọ̀kan status=active, èkejì status=enabled.

Ibi tí ìjà wà ni no_path_retry. Ọ̀pọ̀ ń kọ queue. Tí gbogbo ọ̀nà bá já pátápátá, queue á di gbogbo I/O mú títí ayé. Process á wọ ipò D, kill ò ní pa á, sáfà ò ní gbà kí ẹ tún un tàn dáadáa, ẹ ó lọ fa wáyà iná. Ẹni tó kọ fail náà, ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ ni fáìlì-sísítẹ́ẹ̀mù inú VM á ti di kíkà nìkan. 12 ni mo máa ń dúró lé: pẹ̀lú polling_interval 5, ìṣẹ́jú kan gbáko nìyẹn.

Fún iSCSI, `node.session.timeo.replacement_timeout` wà ní 120 látilẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni VM á fi dúró kí multipath tó gbọ́ pé ọ̀nà já. Ẹ sọ ọ́ di 5. LVM (ètò Linux tó ń pín dísìkì) sì gbọ́dọ̀ wà lórí `/dev/mapper`, kó má ṣe wà lórí `/dev/sdb`. Tí LVM bá ń pariwo duplicate PV, dísìkì kan náà ló ń rí lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ tún filter rẹ̀ ṣe.

* * *

Onídísìkì, Ọ̀yọ́

Ẹni tó bá wà lórí Hyper-V ti Microsoft, `mpclaim -s -d` ló máa fi ìlànà hàn án. Least Queue Depth (fífi ẹrù sí ọ̀nà tí ìlà ìdúró rẹ̀ kúrú jù) máa ń dára níbi tí ọ̀nà ò bá dọ́gba. Mi ò fẹ́ gùn ún.

Àwọn oní-NVMe lórí ESXi náà, ẹ má wá LUN yín nínú nmp. HPP, ètò ọ̀nà mìíràn nínú ESXi, ló mú wọn, `esxcli storage hpp device list` lẹ máa tẹ̀.

* * *

Ọmọ-Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ká padà sí ọ̀rọ̀ iná, òun ló bí gbogbo èyí.

Súwíìṣì méjì lórí UPS kan, súwíìṣì kan ni. Ìwọ ní tìrẹ, ẹyọ kan ló kú, èyí tó fi hàn pé UPS wọn yàtọ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Wo ẹ̀yìn stórèjì náà: pọ́wà méjì ló ní, kí wọ́n má ṣe wà lórí UPS kan náà.

Tí gbogbo rẹ̀ bá kú, súwíìṣì ni kí o kọ́kọ́ tàn, stórèjì tẹ̀lé e, dúró kí kọntírólà méjèèjì sọ pé àwọn ti ṣetán, kí o tó fọwọ́ kan sáfà. Tí kọntírólà B bá pẹ́ jí, A á ti gba gbogbo LUN. Àwọn stórèjì kan ń dá LUN padà fún ẹni tó ni ín fúnra wọn, àwọn kan ń dúró kí o tẹ̀ ẹ́ lójú ewé wọn. Round Robin ò lè tún ìyẹn ṣe, ibi tí LUN bá wà ni yóò máa lọ.

Tí ọ̀nà tó kú bá padà, má bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Disk.PathEvalTime wà ní ìṣẹ́jú-àáyá 300, ó lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ESXi tó rí i pé ó ti yè. Tí ojú bá kán ọ, tẹ `esxcli storage core adapter rescan --all`.

Ẹni tó ń lo fáíbà nílùú wa, ọyẹ́ ò ní fojú ire wo SFP yín. Eruku ọyẹ́ ń wọ ẹnu fáíbà tí a yọ tí a ò dé. Ẹ dé e kíákíá tí ẹ bá yọ ọ́, kí ẹ sì nù ún kí ẹ tó tì í padà.

Nígbà tí o bá yí i tán, dán an wò. Ping ò dán dísìkì wò. Gbé VM kan tí kò ṣe pàtàkì, jẹ́ kó máa kọ fáìlì ńlá. Tẹ esxtop, kí o tẹ n. Gbogbo ọ̀nà iSCSI rẹ ló gba vmhba64 kan náà, ojú ìwòye káàdì dísìkì ò ní yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ. Vmk1 àti vmk2 lójú ewé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa sọ òótọ́. Kí méjèèjì máa gbé iye tó súnmọ́ ara wọn.

Wá fa wáyà ìdí sáfà kan. VM á dúró díẹ̀, á tẹ̀ síwájú. Tì í padà, dúró kó yè, kí o tó pa súwíìṣì kan. Má fa èkejì kí èkíní tó yè o! Wáyà tó já lójú sáfà, sáfà ń tètè mọ̀. Èyí tó já lẹ́yìn súwíìṣì, láàárín súwíìṣì àti stórèjì, iná pọ́ọ̀tì sáfà ṣì ń tàn. Ó di ìgbà tí NoopOut (ìbéèrè iSCSI pé ṣé stórèjì ṣì wà) bá béèrè tí wọn ò dá a lóhùn. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 láàárín ìbéèrè méjì, ó ń dúró de ìdáhùn fún 10. Nítorí náà ìdádúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kì í ṣe ẹ̀rù. Linux inú VM ń fara dà á fún 30 péré látilẹ̀, Windows 60. VMware Tools ló ń sọ ti Linux di 180. VM Linux tí kò ní open-vm-tools ni yóò kọ́kọ́ di kíkà nìkan.

Gbẹ̀yìn gbẹ́yín, lójú ewé stórèjì, tún kọntírólà kan tàn. Ọ̀nà active unoptimized méjì yẹn á di active lójú rẹ.

* * *

Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, sà. Mo tú binding, sáfà ń jí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin báyìí. Lórí sáfà kìn-ín-ní àti èkejì, Working Paths ti di méjì fún LUN mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, vmk1 àti vmk2 sì dọ́gba nínú esxtop. Bákọ́ọ̀pù parí kí wọ́n tó kírun àsùbáà.

Sáfà kẹta ni mi ò mọ ohun tó ṣe é. Òfin ni mo kọ, mo sì tún un tàn dípò kí n yí i lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. LUN méje gbà á. LUN 5 ṣì ní MRU. Mo tún un tàn lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà.

* * *

Ọmọ-Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ẹnì kan ti fi ọwọ́ yan MRU fún LUN 5 lórí sáfà yẹn nígbà kan. Ohun tí a bá fọwọ́ yàn fún LUN máa ń borí òfin, títàn àti pípa kì í nù ún. Nù ún báyìí:

`esxcli storage nmp device set -d naa.xxxx -E`

-E ló ń dá a padà sọ́dọ̀ òfin. Kí o wá tún sáfà náà tàn lẹ́ẹ̀kan sí i.

* * *

Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́

Ó ti gbà á. `VMW_PSP_RR`, `policy=iops,iops=1`, `useANO=0`. Ọ̀la ni mo máa fa wáyà, ọjọ́ Sátidé, kò sí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì.